Ìdáhùn sí olùkàwé kan: ṣé kí n bá ọkọ̀ tó ń ran àwọn alárùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ rìnrìn àjò?

Olùkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ kan ní ọkọ̀ tó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti ran àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo lè wa ọkọ̀, mo sì lè ṣe àkọsílẹ̀. Àárín ọdún tó kọjá ni jẹjẹrẹ pa àbúrò màmá mi tó tọ́ mi dàgbà. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù pé kí n má lọ kó nǹkan wálé bá àwọn ọmọ wa, pàápàá láti ara àwọn tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú. Ohun tí èmi ń bẹ̀rù ni pé kí n má lọ sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá sì máa lọ, ṣé gbogbo ìrìn àjò náà ni kí n bá wọn lọ ni, àbí apá kan?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè mẹ́rin ló wé mọ́ra nínú lẹ́tà yín. Ti ìyàwó yín ni àkọ́kọ́, òun ló sì rọrùn jù láti dáhùn. Èkejì ni ti ìmọ̀ ìṣègùn tí ẹ kò ní, èyí tí ẹ rò pé yóò sọ yín di aláìwúlò. Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ yín. Gbólóhùn kan péré lẹ fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wúwo jù lójú tèmi. Ẹ̀kẹrin ni ti iye àkókò tí ẹ ó fi sílẹ̀. Ẹ kò wá béèrè ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ béèrè: nígbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ìlú kan, ta ni aláìsàn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yóò pè? Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú. Mo ti bá irú ìrìn àjò yìí lọ, mo sì ti kọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún un. Nínú gbogbo ohun tí mo rí, ìbéèrè yìí ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkọ̀ tó ṣe ènìyàn lóore àti ọkọ̀ tó kàn kọjá lọ.

Kí ẹ tó fèsì fún ẹgbẹ́ náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ wọn ń ṣe. Àwọn ọkọ̀ kan ń gbé ẹ̀rọ káàkiri láti yẹ ara àwọn tí kò ṣàìsàn wò, irú bí ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán inú ọmú. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ló ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, olùyọ̀ǹda kàn ń kọ orúkọ, ó sì ń to ènìyàn ni. Àwọn kan ń kó owó jọ fún ìwádìí. Ẹ̀yà kẹta, tí mo gbà pé òun ni lẹ́tà yín ń sọ, ni ọkọ̀ tó ń lọ bá àwọn tí dókítà ti sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí, wọn á gbé àga síta, nọ́ọ̀sì kan á wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè bi ní ìbéèrè láìtò, ẹlòmíràn á sì wà tó mọ ọ̀nà tí a fi ń béèrè fún ìrànwọ́ owó tàbí fún ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ibi tí irú ọkọ̀ yìí lè dúró sí tí kò ní bá ẹni tó nílò rẹ̀. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ènìyàn ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.7 lọ́dún kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ènìyàn márùn-ún, ọ̀kan yóò ní in nígbà ayé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà méjì àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tiyín, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní bá a mu tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọkàn ìyàwó yín balẹ̀. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú àwo kan, kí ẹ dì mọ́ ọn, kí ẹ sùn sí yàrá kan náà, kò sí ohun tí ẹ ó kó. Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn kòkòrò àrùn kan tó ń ràn lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bíi HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àti kòkòrò mẹ́dọ̀wú B tó lè fa ti ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò yẹn ló ń ràn, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń tan HPV, ti mẹ́dọ̀wú B sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara kọjá. Àjọjókòó nínú ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún àwọn méjèèjì. Ní ti ìtànṣán, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ẹ̀rọ ń yìn sí ara láti ìta. Bí iná àtùpà ni: tí wọ́n bá ti pa àtùpà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ́kù sínú yàrá. Ẹni tó bá kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ náà lè lọ gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ wà fún àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tó ní ìtànṣán nínú, bíi àwọn tó gba áyódíìnì nítorí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan ní iwájú ọrùn), tàbí àwọn tí wọ́n fi èròjà onítànṣán sínú ara wọn tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Ilé ìwòsàn á sọ fún àwọn wọ̀nyí iye ọjọ́ tí wọn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ àwọn ọmọdé àti aboyún pẹ́, ẹni tó bá sì wà láàárín ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jáde wá sí ìdí ọkọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní kímò, ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún díẹ̀. Oògùn yìí a máa bá ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì jáde láàárín bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá bì sínú ọkọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó nù ún, ẹ di ohun tí ẹ fi nù ún sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Kí ẹni tó lóyún má ṣe é rárá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá òdìkejì ni ewu gidi wà, èyí tí ìyàwó yín kò rò. Ẹ̀yin lẹ lè kó nǹkan ran àwọn aláìsàn. Kímò a máa kọlu sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ kíákíá, ì báà jẹ́ ti jẹjẹrẹ, ì báà jẹ́ ti rere. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí ẹnu fi ń bó, tí iṣẹ́ mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, fi ń dín kù. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń bá kòkòrò jà, a máa lọ sílẹ̀ jù lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí aláìsàn gba oògùn. Ọ̀fìnkìn tí ẹ̀yin yóò fi ọjọ́ mẹ́ta gbé káàkiri lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí ọ̀fun bá ń dùn yín ní òwúrọ̀, ẹ má jáde. Ẹ sọ fún olórí ìrìn àjò, kí wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn rọ́pò. Mo ti rí àwọn tó fi ikọ́ pamọ́ nítorí pé wọn kò fẹ́ já ẹgbẹ́ kulẹ̀, ìfẹ́ ló sì mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí kòkòrò má ràn. Ẹ mọ nọ́mbà kan sórí pẹ̀lú: 38. Bí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná tó ìwọ̀n 38 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kódà kí ó máa rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n má ṣe fún un ní parasítámọ́ọ̀lù kí wọ́n sì máa wò ó dìrọ̀lẹ́. Oògùn yẹn lè pa ooru náà mọ́lẹ̀ kí àkóràn sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, òun ni yóò pe ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ẹni náà.

Ẹ wí pé ẹ kò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn. Iṣẹ́ tí wọn yóò fún yín kò béèrè rẹ̀, ó béèrè ojú tó ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà nìkan. Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún lè ti pàdánù àwọn kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ kan, apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì lè wú bí wọ́n bá fà á tàbí bí ó bá fara pa. Ẹ má ṣe na ọwọ́ kí ẹ fa ènìyàn gòkè. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ béèrè pé, “Apá wo ni kí n wà, mà?”, kí ẹ na apá tiyín kí òun fúnra rẹ̀ dì í mú. Bí ó bá ti jókòó tí ó ní òun fẹ́ omi, ẹ béèrè bóyá ó lè mu omi tútù. Àwọn tó ń gba oògùn kan tó ń jẹ́ oxaliplatin, tí wọ́n sábà máa ń lò fún jẹjẹrẹ ìfun, lè mu omi tútù kí ọ̀fun wọn sì fún mọ́ wọn bí ẹni pé èémí kò wọlé mọ́, ìka wọn á sì máa jó rìnrìn. Bí ó bá jẹ́ ohun gbígbóná ló fẹ́, ẹ má jọ̀wọ́ ife náà títí ẹ ó fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dì í mú dáadáa, nítorí oògùn mélòó kan a máa pa ìmọ̀lára ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ènìyàn á sì rò pé òun ti mú nǹkan nígbà tí kò tíì mú un. Ẹ má lo lọ́fínńdà; òórùn tó dùn mọ́ yín lè mú ẹlòmíràn bì. Bí ọkọ̀ bá sì máa gbé aláìsàn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè na ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ a máa tètè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú tó sì ń dunni, tàbí èémí tó ṣàdédé kúrú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ìrìn àjò.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀rù tó ń bà yín dára. Àwọn tí kò bẹ̀rù rárá ni mo máa ń ṣọ́. Àwọn gbólóhùn tó máa ń ṣe ìpalára kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, ọ̀rọ̀ rere tó sáré jù ni wọ́n. “Mo mọ bó ṣe ń rí lára yín” kì í ṣe òótọ́, bí ẹ tilẹ̀ ti tọ́jú àbúrò màmá yín, nítorí jẹjẹrẹ lé ní 100 irú, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan kò sọ nǹkan kan nípa ẹlòmíràn. “Ẹ sáà máa jà, ẹ ó borí” dà bí ìyànjú, ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá padà wá, ẹni tí a sọ ọ́ fún lè máa rò pé òun ni kò jà tó. Èyí tó burú jù ni kí ẹ dárúkọ egbòogi tàbí oúnjẹ kan tó wo ẹnì kan sàn. Àwọn egbòogi kan wà tó ń dín agbára oògùn ilé ìwòsàn kù, àwọn kan ń mú un lágbára ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀yin kò sì mọ ohun tí aláìsàn náà ń lò. Àwọn tó ń ta ìwòsàn á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà wà. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọ abẹ́ ìbòrí yín. Gbólóhùn tó yẹ kó wà lẹ́nu yín ni “Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí a lè bi.” Òótọ́ ni, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo rántí ọkùnrin kan tó wá gba ìwé pélébé lọ́wọ́ awakọ̀ wa, ó ní ọ̀rẹ́ òun ni òun ń gbà á fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni awakọ̀ náà, kò sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí. Ó fún un ní ìwé, ó fa àga kan sí ibòji fún un, ó sì padà sídìí gíláàsì ọkọ̀ tó ń nù. Kò bi í pé ọ̀rẹ́ wo. Ọkùnrin náà jókòó, ó ka ìwé náà títí, ó tún un kà. Nígbà tó yá, ó ní ara òun ni. Dókítà ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, kò sì tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Awakọ̀ gbé aṣọ ìnujú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi, sà. Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì wá bá yín níbí, àbí kí a jọ lọ bá a?” Wọ́n jọ lọ. Èmi ni nọ́ọ̀sì náà, ohun tí mo sì ṣe kò pọ̀: a jọ kọ àwọn ìbéèrè tí yóò bi dókítà rẹ̀ sílẹ̀, irú èyí tó jẹ́, ibi tó tàn dé, ohun tí ìtọ́jú náà wà fún, bóyá láti wò ó sàn ni tàbí láti dá a dúró, àti ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ nílé. Iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ́jọ́ náà, awakọ̀ ti ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ibí ni mo fẹ́ padà sí ìbéèrè tí ẹ kò béèrè. Irú ọkùnrin yẹn yóò jí ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ á ti lọ. Ọkọ̀ tó ń rìn máa ń ṣí ohun tí kò ní dúró pa dé, àléébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé owó epo àti owó ilé àlejò tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń ná ì bá tó láti san owó oṣù nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa gbé ìlú kan; n kò lè sọ pé wọ́n parọ́. Ibi tí mo yàtọ̀ sí wọn ni pé àwọn ènìyàn wà tí kò ní gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọlé láti béèrè nǹkan láéláé, tí wọ́n á sì dúró ní ìdí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí pé ẹnikẹ́ni lè kà á sí pé ṣe ni wọ́n ń kọjá lọ. Ọkọ̀ náà wúlò fún wọn bí ó bá fà wọ́n lé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ tó dé: wọ́n á ti bá ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á ti mọ orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn tí wọn yóò darí ènìyàn sí, wọ́n á sì bi aláìsàn bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fún ẹni náà ní orúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àkọsílẹ̀ ṣe lè wúlò níbí ju bí ẹ ti rò lọ. Ìwé tó dára á ní ohun tí aláìsàn béèrè, ẹni tí a fà á lé lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹni náà yóò pè é, àti àmì pé aláìsàn gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí kan náà, ẹ má ṣe fún aláìsàn ní nọ́mbà fóònù yín. Ó máa ń dà bí ìwà òǹrorò lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á sì fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ rò ó wò: aago á dún láàárín òru, ẹnì kan á sọ pé ara òun gbóná tàbí pé èémí òun kò lọ dáadáa, ẹ̀yin á sì wà ní ìlú kẹta sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ kò sì mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Àkókò tó yẹ kó fi pe ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ ló fi pè yín. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ó padà wá. Bákan náà ni àwòrán: kò sí àwòrán aláìsàn láìgba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ, kò sì sí àwòrán tí ojú ẹlòmíràn ti hàn lẹ́yìn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹni tó wá ní bòókẹ́lẹ́ lè di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní báyìí, ọ̀fọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti le máa ń ní kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú dúró tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó wá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Kì í ṣe òfin tó bá gbogbo ènìyàn mu, mo sì ti rí àwọn tí iṣẹ́ yìí tù nínú, mo ti rí àwọn tó tún fi ọwọ́ ba ọgbẹ́ wọn. Ọjọ́ orí ọ̀fọ̀ náà kọ́ ni mo máa ń wò. Mo máa ń béèrè pé, bí ẹnì kan bá jókòó síwájú yín tó jọ àbúrò màmá yín, tó ní irú àrùn kan náà, tó sì sọ pé òun kò ní gba ìtọ́jú mọ́, ṣé ẹ lè gbọ́ ọ láìbẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí èrò padà? Bí ẹ bá mọ̀ nínú ara yín pé ẹ ó bẹ̀ ẹ́, ẹ dúró díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀bẹ̀ burú. Ẹlòmíràn ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹni tó wà níwájú yín kò sì yẹ fún ẹrù yẹn. N kò lè ti inú lẹ́tà mọ èyí nípa yín. Ẹ bá ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa sọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún olórí ẹgbẹ́ náà pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ tí kò bá béèrè lọ́wọ́ yín rárá, iye ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ló ń wá.

Bí ẹ bá lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ tán yín lókun lè má jẹ́ àwọn aláìsàn. Inú ọkọ̀ ni. Ní ọdún 1980, Terry Fox, ọ̀dọ́kùnrin ará Kánádà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní ọdún 1977 nítorí jẹjẹrẹ eegun, fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré láti kó owó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní St. John's ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ó sáré kìlómítà 5,373 láàárín ọjọ́ 143, kí jẹjẹrẹ tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó dá a dúró nítòsí Thunder Bay. Òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda ni Doug Alward, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e, tó sì ń se oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n dé ibi tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọkọ̀ náà, títí àwọn òbí Terry fi wọ bàálù lọ sí Halifax láti pẹ̀tù sí i. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀, Darrell, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Àárẹ̀, ibi tóóró àti oorun tí kò tó ló ń fa irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó wa ọkọ̀ ní láti sinmi fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí méjì méjì, ó sì yẹ kí awakọ̀ kejì wà. Ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sán gbọ́ ẹkún àwọn ènìyàn kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà. Bí ara rẹ̀ bá le, ọkàn rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà.

Fún ìdí wọ̀nyí, bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti rí i pé ẹ lè lọ, apá kan ni kí ẹ bá wọn lọ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tó. Àǹfààní tó wà nínú kí ẹ lọ títí dé òpin ni pé ẹ ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á sì fọkàn tán yín. Àdánù tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ìdáhùn kan náà ni wọ́n á máa fún gbogbo ẹni tó bá wá. Bí ẹ bá wá rí i pé kò tíì tó àkókò, iṣẹ́ wà nílé tí kò kéré: ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pe àwọn ilé ìwòsàn ìlú tó kàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò ó bóyá àwọn tí a fà lé ènìyàn lọ́wọ́ rí ẹni náà lóòótọ́. Èyí ni àwọn ẹgbẹ́ kì í rí ènìyàn ṣe, nítorí kò sí àwòrán nínú rẹ̀.

Ẹ pe ẹgbẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda kí wọ́n tó gbéra, bóyá nọ́ọ̀sì máa ń wà nínú ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́, àti awakọ̀ mélòó ni wọ́n ní. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹni tí àwọn aláìsàn ibẹ̀ lè pè ní òwúrọ̀ ọ̀la. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ní kí àwọn aláìsàn máa dúró de ìgbà tí ọkọ̀ yóò padà wá, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.